Òṣìṣẹ́ yunifásítì tí kò jẹ́ kí orin ilé ẹlẹ́mu kú ní Kùmásì

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kọrin ni orin ń bọ́. Ní Kùmásì, olú ìlú àwọn Aṣáńtì ní Gánà, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ni ọkùnrin kan fi ń gbowó oṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní yunifásítì ìlú náà, ṣùgbọ́n gìtá ni gbogbo Gánà fi mọ̀ ọ́n. Daniel Amponsah ni orúkọ inú ìwé, Koo Nimo ni aráyé ń pè é. Ọdún 1934 ni wọ́n bí i ní Foase, abúlé kan tí kò jìnnà sí Kùmásì.

Ọdún 1957, tí Gánà gba òmìnira, ni òkìkí ẹgbẹ́ rẹ̀, Adadam Agofomma, bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ẹ wo àsìkò tí wọ́n yàn! Híláìfù onífèrè ló gbòde nígbà náà. E.T. Mensah ti gbé tirẹ̀ wọ Èkó, àwọn ọmọ Èkó sì ti ń fi fèrè dá a lóhùn. Ẹgbẹ́ Koo Nimo kò ní fèrè kankan. Gìtá tí kò lo iná mànàmáná ni olórí. Àwọn tó kù di agogo mú, àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù apentemma, àti donno tó jẹ́ ọmọ ìyá gángan. Ẹni tó bá rí prempensua wọn yóò sọ pé agídìgbo ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà: àpótí onírin pẹlẹbẹ ni, àfi pé orí rẹ̀ ni ẹni tó ń lù ú ń jókòó sí.

Orin náà dàgbà ju ẹgbẹ́ yìí lọ. Àwọn atukọ̀ Kúrù láti Làìbéríà ló ń gbé gìtá kiri etí òkun, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò àti ìka kan ṣoṣo ta okùn rẹ̀. Ilé ẹlẹ́mu ni ó ti gbilẹ̀. Irú orin bẹ́ẹ̀ náà ni jùjú Túndé King ti yọ ní Èkó. Ọwọ́ Kúrù kan ni Kwame Asare ti kọ́ gìtá, òun àti àwọn méjì sì lọ gba "Yaa Amponsah" sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1928. Kumasi Trio ni wọ́n ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ Fante etí òkun ni wọ́n! Kí gìtá tó dé, àwọn Akan ní seperewa, ohun èlò olókùn ti ara wọn. Àlejò fẹ́rẹ̀ẹ́ lé onílé jáde. Koo Nimo wà lára àwọn tó gbé orin seperewa sórí gìtá kó má baà parun.

Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé ti ilé ijó pa ní Gánà láàárín ọdún 1982 sí 1984, ọ̀pọ̀ olórin sá lọ sí Èkó àti Jámánì. Orin nìkan ló ń bọ́ wọn, kí ni wọn ì bá ṣe? Ẹni tó ní owó oṣù, tí gìtá rẹ̀ kò sì bẹ iná mànàmáná, lè jókòó sílé.

Owó náà ló fa àríyànjiyàn nígbà tí Paul Simon ti Amẹ́ríkà lo ohùn "Yaa Amponsah" nínú orin rẹ̀ "Spirit Voices" lọ́dún 1990. Ta ló ni ín? Ìjọba Gánà ní ti gbogbo ìlú ni, nítorí òfin ọdún 1985 ti fi orin àbáláyé sí ìkáwọ́ ìjọba. Òfin ọdún 2005 tún le ju ìyẹn lọ: ọmọ Gánà pàápàá gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó fi orin àbáláyé pawó. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Ẹni tó gbọ́ orin lẹ́nu bàbá rẹ̀ yóò lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọba.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, University of Washington ní Seattle ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò yìí. Kì í ṣe sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ní kó wá kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà.