Ẹ̀rọ Aṣarẹsì Kò Lè Bá Ẹni Tí Ó Rà Á Jẹ́jọ́

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ti owó rẹ̀ lọ́jà, nítorí ìyẹn ti sú tolórí tẹlẹ́mù, bí kò ṣe ti àwọn tí ń lọ̀ ọ́, tí ń fẹ́ ẹ, tí ń ṣà á kí ó tó dé inú àpò. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń yí padà lójú gbogbo wa, a kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dìde lórí àga wáásí láti sọ ohun tí ó tọ́ kí a ṣe sí i.

Ẹni tí ó bá mọ ìrẹsì Ọ̀fàdà láyé àtijọ́ mọ̀ pé òkúta ni a kọ́kọ́ ń bẹ̀rù nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin a tẹ́ ẹ sórí atẹ, wọn a máa fi ọwọ́ ṣà á láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ ìlọrẹsì dé, ó ń bó èèpo, ó sì ń mú kí hóró dán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró tì í ṣì ni ọ̀gá. Òun ni yóò bu ìrẹsì sí àtẹ́lẹwọ́, tí yóò fi eyín gé hóró kan láti mọ̀ bóyá ó gbẹ, tí yóò sì fi etí lásán mọ̀ pé bẹ́líìtì fẹ́ já.

Èyí tí ó dé báyìí yàtọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ní ẹ̀rọ tí ń fi kámẹ́rà ṣa ìrẹsì. Ìrẹsì a máa ṣàn wá sílẹ̀ níwájú iná àti kámẹ́rà. Bí kámẹ́rà bá rí hóró tí ó dúdú, tàbí èyí tí ó pọ́n, tàbí òkúta tí ó fara jọ ìrẹsì, afẹ́fẹ́ yóò tú jáde láti inú ihò kékeré kan, yóò sì fẹ́ ẹ sọnù kí ojú tó ṣẹ́. Nínú àwọn tí ó tuntun jù, wọ́n ti fi àwòrán ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró, rere àti búburú, kọ́ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kí ó lè máa dá wọn mọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí wà lára ohun tí ayé ń pè ní AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ilé ìlọrẹsì tí ìjọba Èkó kọ́ sí Ìmọta, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù January 2023, ni a ṣe kí ó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ìwọ̀n àpò 640 oní-kílò 50 nìyẹn. Ọwọ́ obìnrin mélòó ni yóò ṣà á tán?

Àwa kò bá ẹ̀rọ jà. Àwọn kan nínú àwa àlùfáà ń sọ pé idán Dàjáàlì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ànábì Dáúdà ni Ọlọ́run rọ irin fún, tí ó sì fi ṣe ẹ̀wù ogun. Ẹni tí òkúta inú ìrẹsì ti kán eyín rẹ̀ rí kò gbọdọ̀ bá ohun tí ń yọ òkúta ṣọ̀tá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí Ànábì Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ṣe lọ́jà. Ó wà nínú àkójọ Imam Muslim pé ó kọjá lára òkìtì onjẹ kan, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọ̀rinrin sì kan ìka rẹ̀. Ó bi ẹni tí ó ni ín léèrè, ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì wá bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí ará ọjà lè rí i, ó sì ya ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ arẹ́nijẹ.

Ẹ wò ó dáadáa. Ojú òkìtì náà dára; ọwọ́ ni ó rí ohun tí ojú kò rí. Kámẹ́rà tí ó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ aṣarẹsì, àwọ̀ ni ó ń wò. Ìrẹsì tí kò gbẹ tó lè funfun níwájú rẹ̀, kí ó sì kọjá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú àpò, ó ti bu, ó ti ń rùn. Omi inú ìrẹsì tí a fẹ́ tọ́jú kò yẹ kí ó ju nǹkan bí 14 nínú 100 lọ. Ohun kékeré kan wà tí ń wọn ìyẹn, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò gbà pé kí a má tíì di àpò náà, bí ọ̀gá tilẹ̀ ń kánjú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ yìí ní ibi tí a ti ń mú un le àti ibi tí a ti ń dẹ̀ ẹ́. Bí a bá mú un le jù, hóró rere yóò bá ti búburú lọ, olówó a sì máa kérora. Bí a bá dẹ̀ ẹ́ jù, èyí tí ó bàjẹ́ yóò kọjá. Ta ni ń dẹ̀ ẹ́? Nígbà tí ọjà bá yá, tí ọkọ̀ ń tò sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ kan ni yóò lọ tẹ bọ́tìnnì. Sùúrà 83 nínú Àlùkùránì, tí ó ń jẹ́ orúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù, kò ya bọ́tìnnì náà sọ́tọ̀ kúrò lára kóńgò tí a tẹ ìdí rẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ ni ó ṣà á, òun kò mọ̀ sí i, ẹ bi í pé ta ni ó sanwó ẹ̀rọ, ta ni ó sì ń gba èrè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó dúró ti ẹ̀rọ ni àmánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, níbẹ̀ gan-an ni a sì ti ń ṣe àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ onílé-ìlọ̀, bí wọ́n bá ti ra ẹ̀rọ tuntun, àgbàlagbà onímáṣíìnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé. Wọn a mú ọmọdé kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà wá jókòó síwájú rẹ̀. Ọmọ náà mọ ohun tí ojú ẹ̀rọ ń kọ. Kò mọ ìrẹsì. Bàbá tí a lé lọ mọ ìrẹsì; kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ohun tí ojú ẹ̀rọ ń kọ. Oṣù kan tó láti fi kọ́ àwọn méjèèjì lára ara wọn. Owó tí a ná sórí irin náà, kí ni a fẹ́ fi owó ẹ̀kọ́ oṣù kan wé lára rẹ̀?

A tún gbọ́ pé àwọn ọ̀gá kan ń bu owó oṣù wọn kù, pé jíjókòó ni wọ́n ń jókòó báyìí, òógùn kò tilẹ̀ yọ lára wọn mọ́. Wọ́n fẹ́ fi èyí yẹ àṣẹ Ànábì sílẹ̀, pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ojú tí kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́jọ, òógùn ni ìyẹn náà. Bí eruku bá bo gíláàsì kámẹ́rà tí olùṣọ́ náà sì tòògbé, ẹ ka iye àpò tí yóò bàjẹ́ kí ó tó jí.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nídìí gààrí. Ẹ̀rọ ìlọgẹ́ gba àwọn ìyá wa lọ́wọ́ ìka tí ń bó, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, ọkùnrin ni ó ra ẹ̀rọ náà, àwọn ìyá wa sì ń sanwó fún un títí di òní, tí èéfín ìyangààrí ṣì wà lójú wọn. Ẹ̀rọ kì í pín èrè rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin olówó tí ẹ ń yọ ìdá kan nínú 40 lára ọjà yín lọ́dọọdún, ẹ gbọ́ èyí. Òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní ohun tí yóò jẹ, òtòṣì ni, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí sákà. Àwọn onímọ̀ kan, pàápàá ní ọ̀nà Ṣáfíì, sọ pé a lè fún oníṣẹ́-ọwọ́ tí ó jẹ́ aláìní ní irinṣẹ́ tí yóò fi máa jẹun. Kí àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí tí ilé ìlọ̀ wà ládùúgbò wọn jókòó lé e lórí, kí a má kàn máa pín ìrẹsì fún ẹni tí ó mọ bí a ti ń lọ ìrẹsì.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin oníṣòwò ọkùnrin, ní tiyín, ẹ má jẹ́ kí dídán ìrẹsì tàn yín nígbà tí ẹ bá lọ kó ọjà. Ẹ ní kí wọ́n tú àpò kan láàárín, kì í ṣe èyí tí ó wà lókè. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó dúró ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí wọ́n di í. Bí wọ́n bá dáhùn pé kò sẹ́nìkan, ẹ gbé owó yín padà sílé.