Ẹ Jẹ́ Kí Ará Bàrígà Náà Jókòó Níbi Ìdánwò Ayàwòrán-Ilé

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kì í sábà rántí rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ibi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní yunifásítì. Àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn àgbà iṣẹ́ nìkan ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìdájọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá yà níbẹ̀. Àwọn tí a torí wọn ya ilé náà kì í sí ní ìjókòó. Èrò tèmi ni pé ìlànà yìí kò bá ti àwọn baba wa mu, kò sì ṣe ìlú lóore tó bí ó ti yẹ. Ó yẹ kí a tún un ṣe, Ṣómólú àti Bàrígà sì ni ibi tí ó dára jù lọ láti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ di ayàwòrán-ilé ní Nàìjíríà a máa lo ọdún mẹ́rin kí ó tó gba oyè àkọ́kọ́, a sì tún lo nǹkan bí ọdún méjì sí i fún oyè kejì tí a ń pè ní Másítà. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, tí yóò sì tún ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí òfin 1969 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀. Sítúdíò ni ọkàn ẹ̀kọ́ Másítà yìí, kì í ṣe ìwé kíkà nìkan. Wọn yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ kan àti iṣẹ́ kan: ó lè jẹ́ ọjà, ó lè jẹ́ ilé ìwòsàn, ó sì lè jẹ́ ilé gbígbé. Yóò wọn ilẹ̀ náà; yóò wo ibi tí oòrùn ti ń yọ, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, àti ibi tí àgbàrá òjò ń gbà kọjá. Yóò yà á, olùkọ́ yóò bu ẹnu àtẹ́ lù ú, yóò pa á rẹ́, yóò sì tún un yà. Nígbà tí ó bá parí, yóò fi àwòrán rẹ̀ kọ́ ara ògiri, yóò gbé àpẹẹrẹ ilé kékeré tí ó fi páálí kàn ka iwájú, yóò sì dúró níwájú àwọn onídàájọ́ tí wọ́n ń pè ní júrì, kí ó wí tẹnu rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní ìlú Paris ni púpọ̀ nínú ìlànà yìí ti wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọmọlanke ni wọ́n fi ń kó àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ jọ nígbà tí àkókò bá pé. Títí di òní olónìí, charrette, orúkọ tí àwọn Faransé ń pe ọmọlanke náà, ni àwọn ayàwòrán-ilé káàkiri ayé fi ń pe àìsùn tí wọ́n ń ṣe kí iṣẹ́ wọn lè parí.

Bí a bá wò ó dáadáa, ìlànà yìí kò jìnnà sí bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ọmọ agbẹ́gilére a máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, a gbẹ́ tirẹ̀, ọ̀gá a bá a wí, a sì tún un gbẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bẹ iṣẹ́ kì í jìnnà. Àyàn tí ó bẹ agbẹ́lù níṣẹ́ yóò lu ìlù náà wò kí ó tó gbé e lọ. Ẹni tí ó kó aṣọ fún aláró yóò tẹ́ ẹ wò nínú oòrùn. Nígbà tí a bá ń mọ ilé alámọ̀, àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀ wà lára àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀, tí ń pọn omi, tí ń po amọ̀, bí ògiri sì ti ń ga sókè ní ìpele-ìpele, baálé ní ọ̀rọ̀ sọ, ìyáálé náà sì ní ọ̀rọ̀ sọ. Ìdájọ́ kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá iṣẹ́ nìkan. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò lo ohun náà pẹ̀lú. Apá yìí gan-an ni sítúdíò gbàgbé.

Ẹ wá wo ibi tí Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, wà. Akọ́kà ni, létí ọ̀sà. Bàrígà ni aládùúgbò rẹ̀, Ṣómólú kò sì jìnnà síbẹ̀. Ta ni ó fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìnáwó tàbí kàlẹ́ńdà ní Èkó tí kò mọ ọ̀nà Ṣómólú? Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti sọ àdúgbò náà di ibi tí gbogbo ènìyàn ń wá. Ní Bàrígà, Ìlàjẹ ń pẹja, àwọn obìnrin ń yan ẹja, àwọn ọkùnrin sì ń wà yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà sínú ọkọ̀ ojú omi fún àwọn kọ́lékọ́lé. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn hú yanrìn ilé ẹlòmíràn jáde nínú omi ń gbé lẹ́bàá ibi tí a ti ń kọ́ ọmọ láti ya ilé. Ǹjẹ́ ó wá yẹ kí ògiri yunifásítì pín wọn níyà?

Irú ilé tí ó pọ̀ ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí ni a ń pè ní fésì-mí-kí-n-fésì-ẹ. Yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, ọ̀nà tóóró kan là á láàárín; ibi ìdáná, balùwẹ̀ àti kànga sì wà ní ẹ̀yìnkùlé fún gbogbo ayálégbé. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ọ̀dọ́ ayàwòrán-ilé fi lè fẹ́ wó o lulẹ̀ lórí ìwé, kí ó gbé fúláàtì alájà mélòó kan síbẹ̀. Èmi náà kò gbè sẹ́yìn ooru, èéfín àti àpọ̀jù èrò inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé ibẹ̀ yóò sọ ohun tí tépù ìwọnlẹ̀ kò lè wọ̀n. Yóò sọ pé ọ̀nà tóóró yẹn ni ìyá tí ó lọ sọ́jà fi ọmọ sílẹ̀ sí lójú aládùúgbò. Yóò sọ pé ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń se oúnjẹ ìkómọ, àti pé inú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nísàlẹ̀ ilé ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá gbọ́ èyí yóò wó ohun tí ojú rẹ̀ kò rí.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbèjà iṣẹ́ rẹ̀. N kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Òun ni yóò fi bá ayé ṣòwò. Ṣùgbọ́n èdè wa ní orúkọ fún gbogbo ibi nínú ilé, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì gbé àṣà kan dání. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, ibẹ̀ sì ni a ti ń parí ìjà. Ìyẹ̀wù ni ibi àṣírí, kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ni ó ń dé ibẹ̀. Agbàlá ni ti gbogbo agbo ilé: ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń gbọ́ àlọ́, ibẹ̀ sì ni ojú àgbà ti ń tó ọmọ ẹni gbogbo. Bí a bá pe gbogbo wọn ní yàrá àti pálọ̀, báwo ni a ó ṣe mọ ohun tí a gé kúrò? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1981, David Aradeon, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí a ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní ìtumọ̀ àṣà tí ó wà nínú ààyè àti ìrísí ilé. Ohun tí mo ń fi kún un ni pé kí àwọn tí ó ni àṣà náà wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń gba máàkì.

Àwọn kan ti ṣe ohun tí ó jọ èyí, ó sì yọrí sí rere. Diébédo Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì nígbà tí ó ya ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún abúlé rẹ̀. Ó wá owó, ó sì padà sílé. Àwọn ará ilé kọ́kọ́ ṣiyèméjì, nítorí wọ́n ti rí bí òjò ṣe ń wó ilé alámọ̀. Ó fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sínú amọ̀ tí ó fi ṣe bíríkì, ó gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ gba àárín wọn, tọkùnrin tobìnrin abúlé sì bá a kọ́ ọ. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2001. Ní 2022, Kéré di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tí ó lókìkí jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, láti 1967 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Másítà ti ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ohun tí wọ́n bá yà, fún àwọn tí ó nílò rẹ̀.

Nítòsí wa níhìn-ín, ní Makókó létí ọ̀sà kan náà, Kúnlé Adéyẹmí tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó ya ilé-ẹ̀kọ́ onígi kan tí ó léfòó lórí àgbá oníke. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2013, gbogbo ayé sì yìn ín. Ní oṣù kẹfà 2016, ó wó lẹ́yìn òjò ńlá. Ọpẹ́ ni pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú. N kò sọ èyí láti fi gún ẹnikẹ́ni lára, nítorí ẹni tí kò bá dáwọ́ lé nǹkan ni nǹkan kì í bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìyìn àlejò kì í ṣe ìdánwò ìkẹyìn. Òjò, ọdún àti ẹni tí ń lo ilé ni onídàájọ́ tí kò ṣeé tàn jẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Kí ni alápatà tàbí ẹlẹ́ja mọ̀ nípa àwòrán ilé?" Ó lè má mọ àwòrán kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí òjò ń gbà wọlé, bí ayàwòrán kò bá sì lè là á yé e, ta ni ẹ̀bi náà wà lọ́rùn rẹ̀? Àwọn mìíràn yóò ní bí a bá fi ti ará àdúgbò ṣe, a ó so ọwọ́ ọ̀dọ́ mọ́lẹ̀, kò ní lè ronú ohun tuntun. Rárá o. Ohun tuntun náà ni Kéré mú lọ sí Gando; ó kàn ní láti fi yé àwọn ará ilé ni. Àwọn kan yóò sì ní Bàrígà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Òtítọ́ ni. Ègùn wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, ẹ̀yà mìíràn sì wà níbẹ̀. Kí a wá ògbufọ̀ fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa. Èkíní, bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá kan àdúgbò kan, kí ará àdúgbò méjì ó kéré tán jókòó pẹ̀lú júrì, kí ọ̀kan jẹ́ ayálégbé, kí ọ̀kan sì jẹ́ obìnrin, kí ó má ba à di ọ̀rọ̀ àwọn onílé nìkan. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe àlàyé ilé rẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí èyí sì ní máàkì. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀dà iṣẹ́ náà padà sí àdúgbò tí a ti mú ọ̀rọ̀ wá, nítorí kò dára kí a máa bi ènìyàn ní ìbéèrè lọ́dọọdún kí ó má sì rí nǹkan kan gbà. Kí ẹ̀yin àgbà Ṣómólú àti Bàrígà náà má kọ̀ bí wọ́n bá pè yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ láti ya ilé tí ìyá ẹlẹ́ja Bàrígà lè wò, kí ó sì sọ pé, "Mo lè gbé ibí yìí," kò sí ìlú tí yóò dé láyé tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò tì í lójú.