Lẹ́yìn Àdúà, Ta Ni Yóò Mú Aláìsàn Ọpọlọ Padà sí Ilé Ìwòsàn?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá àìsàn tí ó sì dá ìwòsàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, bí ibà bá mú ọ̀kan nínú wa, ojúmọ́ kò ní í mọ́ kí a tó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n bí orí rẹ̀ bá yí, tàbí tí wárápá bá gbé e ṣánlẹ̀ lórí ìlà ìrun, ọ̀rọ̀ yóò di wúyẹ́wúyẹ́. Ẹnì kan yóò ní iṣẹ́ ayé ni, ẹlòmíràn yóò ní àlùjànnú ni. Àwọn ẹbí yóò sì máa fi í pamọ́ nítorí ìtìjú.

N kò kọ èyí láti tako àdúà. Ìbéèrè mi ni pé: lẹ́yìn ìtọ́jú àkọ́kọ́, ọwọ́ ta ni aláìsàn náà wà? Ilé ìwòsàn fún un ní oògùn àti ọjọ́ tí yóò padà wá. Àlùfáà ń ṣe rùkíyà fún un lọ́tọ̀. Ẹbí ń wá àgbo lọ́tọ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe. Nígbà tí ó bá ti ń rí oorun sùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti gún, ẹnì kan yóò sọ fún un pé, "Ara rẹ ti yá, da oògùn òyìnbó nù." Kò ní í pẹ́ tí àìsàn náà yóò fi padà dé. Ti wárápá tilẹ̀ léwu jù: ẹni tí ó bá dá oògùn rẹ̀ dúró lójijì, ó lè máa gbé e léraléra láìdẹwọ́ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

Ọ̀nà tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó bá àwọn ará abúlé ìtòsí ṣe àdéhùn láti gbà wọ́n sílé, pẹ̀lú ẹbí kan tí yóò máa tọ́jú wọn. Wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọn a sì padà sí àárín ènìyàn. Ó fi àyè gba àwọn onísègùn ìbílẹ̀ pàápàá láti bá a ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2011, ilé ìwòsàn Aro tún bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kéékèèké ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí aláìsàn lè rí ìtọ́jú nítòsí ilé rẹ̀.

Kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn wa pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn tí Sultan Qalawun dá sílẹ̀ ní Kéèrò ní ọdún 1284 ní àyè fún àwọn aláìsàn ọpọlọ. Obìnrin tí wárápá ń gbé lọ bá Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a. Kò lé e, kò kẹ́gàn rẹ̀, ó ṣe àdúà fún un kí ara rẹ̀ má ṣe máa ṣí sílẹ̀. Kí wá ni ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀? Ní ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sílẹ̀ ní Kaduna àti ní Ìbàdàn, ní àwọn ilé tí ó ń jẹ́ orúkọ Ìsìláàmù. Ó yẹ kí ojú tì wá.

Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba òyìnbó. Ṣùgbọ́n òfin kò lè mú ènìyàn lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ wa nìyẹn.

Èkíní, kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí ó lè pa àṣírí mọ́. Bí aláìsàn bá gbà, kí wọ́n máa kọ ọjọ́ ìpadàlọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa sìn ín lọ. Èkejì, kí a máa yọ owó ọkọ̀ àti owó oògùn nínú sàráà wa. Ọ̀pọ̀ ni kò padà lọ nítorí pé kò sí owó. Ẹ̀kẹta, kí àlùfáà tí ó ń ṣe rùkíyà má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé kí ó dá oògùn dúró; dókítà nìkan ni ó ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo wa mọ̀ pé wárápá kì í ràn. Bí ó bá gbé ènìyàn, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu; ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ràkúnmí òun má sọnù, yóò kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gbára lé Ọlọ́hun. Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó má sì jẹ́ kí àìbìkítà wa pa wọ́n. Àmín.