Tí Top Gear bá máa dé Ìbàràpá

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Ẹni tó bá ní dátà kó jókòó. 🧵

Láti àná ni àwọn kan ti ń pariwo lórí TL mi pé ó yẹ kí Nàìjíríà náà ní Top Gear tiwa. Mo gbà. Èmi gan-an ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì ní Igbó-Ọrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà nínú ẹ̀, ó sú mi. G-Wagon ní Lekki. Lamborghini lórí Third Mainland Bridge láàárọ̀ Sunday. Gbajúmọ̀ olórin kan tó ń sáré yí pápá ká. Gbogbo ẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ gbọ́, ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, àwọn Amẹ́ríkà ti ṣe é rí. Díẹ̀ ló kù kó bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Fún àwọn tí ò mọ̀: 1977 ni Top Gear bẹ̀rẹ̀ lórí BBC, ètò jẹ́jẹ́ ni nígbà yẹn, wọ́n á sọ iye epo tí ọkọ̀ ń mu, wọ́n á sọ bí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ní 2002 ni Jeremy Clarkson àti Andy Wilman tún un gbé dìde. Richard Hammond wà níbẹ̀, James May dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bàbá mẹ́ta tí wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n ń ra ọkọ̀ jákujàku, tí wọ́n ń wà á lọ síbi tí kò yẹ kó dé. Ọkọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àríyànjiyàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn làwa ń wò. Èmi ò mọ ọkọ̀ wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, mi ò sì fojú kan Ferrari rí títí dòní.

Ó wá kan Amẹ́ríkà. NBC ṣe ti àdánwò ní 2008, wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. History ló wá gbé e jáde ní November 2010. Tanner Foust, Adam Ferrara àti Rutledge Wood ni wọ́n gbé síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nínú èyí tí wọ́n fi ṣí i, Dodge Viper ń sá fún hẹlikópítà ológun tí wọ́n ń pè ní Cobra. Ó dùn ún wò o, mi ò purọ́. Àmọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi Lotus Exige sá fún hẹlikópítà Apache láti 2004! Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Stig, Amẹ́ríkà náà wá Stig tiwọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi gbajúmọ̀ sínú Suzuki kan kó sáré, Amẹ́ríkà náà wá Suzuki. Bí ọmọ tó da ìwé ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ kọ nínú ìdánwò, tó wá da orúkọ onítọ̀hún náà kọ.

Àwọn òǹwòran sì sọ ọ́ lójú wọn. Ojúlówó kúkú wà nílẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi ayédèrú ṣe?

Nínú ọdún àkọ́kọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ṣe kiní kan tó jẹ́ tiwọn. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ ra ọkọ̀ àlòkù tówó ẹ̀ ò pọ̀, kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ àwọn tó ń gbé ògógóró sá fún ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láàárín 1920 sí 1933, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọtí pátápátá. Àwọn ará oko ní gúúsù, tí wọ́n ń pọn ọtí nínú igbó, wá ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe kó lè sáré ju ti ọlọ́pàá lọ, lóru, lójú ọ̀nà òkè tó rí wọ́gọwọ̀gọ. Òfin yẹn kúrò, wọn ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Inú àwọn dírẹ́bà yẹn lèrè ọkọ̀ sísá tí wọ́n ń pè ní NASCAR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ti rí púpọ̀ nínú àwọn àgbà ẹ̀.

BBC ò lè ṣe ìyẹn láé. Ìtàn ilẹ̀ wọn kọ́ ni.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé gbajúmọ̀ àti Suzuki kúrò, wọ́n pa gbọ̀ngàn tì, wọ́n fi gbogbo àkókò sójú ọ̀nà. Ibẹ̀ lèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ẹ̀. Ó lò ó dé 2016. (Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ ló wá sí yín lọ́kàn nígbà tí mo ń sọ ti ògógóró yẹn, èmi náà nìyẹn. Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ ò jìnnà sí wa. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ ṣe é o.)

Ẹnì kan máa ní, "Ṣebí wọ́n da Who Wants to Be a Millionaire kọ, a sì wò ó?" Òótọ́ ni. Láti 2004 tí Frank Edoho ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àga ẹ̀, iná ẹ̀, orin ẹ̀, bákan náà ni pẹ̀lú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ilé ló sì ń dákẹ́ wò ó. Àmọ́ ìbéèrè àti owó ni ìyẹn. Owó ò nílò ògbufọ̀. Ọkọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, torí ọ̀nà ló ń sọ ohun tí ọkọ̀ jẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tipẹ́. Ẹ rántí Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, Ilé-Ifẹ̀, 1968. Inú eré Gíríìkì, ti Oedipus, ló ti mú un. Nínú ti Gíríìkì, ibi tí Oedipus ti pa bàbá ẹ̀ láìmọ̀, oríta mẹ́ta ni. Ìjà ojú ọ̀nà! Bàbá wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó ní kó yà fún òun, òun náà lóun ò yà. Ẹ lọ sí Ojóò láàárọ̀ Monday, ẹ máa rí Oedipus mẹ́wàá.

Rótìmí yọ kẹ̀kẹ́ kúrò, ó fi oko iṣu síbẹ̀. Àgbàlagbà kan wá ń wa iṣu lóko Ọdẹ́wálé, ó tún bú ìran ẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti dé. Rótìmí ò bi ara ẹ̀ pé "kẹ̀kẹ́ wo la ní tó jọ tiwọn?" Ohun tó lè mú ọmọlúàbí lójú wa bínú débi pé á pànìyàn ló wá, ó sì rí i nínú ebè. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi, kẹ́ ẹ má bàa rò pé ẹnu lásán ni.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gba Corolla ẹ̀gbọ́n ẹ̀, a gbé e sójú ọ̀nà Èrúwà sí Ìbàdàn, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì nínú oòrùn, mo ń fi imú sọ gẹ̀ẹ́sì bíi Clarkson. "The steering is rather communicative." Èmi! Ọmọ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́! Èèyàn 61 ló wò ó, ó ṣeé ṣe kí n jẹ́ 20 nínú wọn. Ìyá mi wò ó parí, wọ́n gbé fóònù fún mi, wọ́n ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ni. Mi ò rí èsì fún wọn.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, a wà lọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì wa. Dírẹ́bà kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ gbé HiAce tòkunbọ̀ wá, ló bá ní 504 tó wà nílẹ̀ yẹn, kí wọ́n máa fi sin adìyẹ. (Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, tí bàbá àwọn bàbá yín fi gbé ìyàwó.) Ha! Bàbá sọ sípánà sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí. Tí 504 bá kú sóko Ayétẹ̀, hámà àti wáyà ni mo fi máa jí i. Tìẹ ńkọ́? Ṣé kọ̀ǹpútà lo máa gbé wá sáàárín ẹ̀gẹ́?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Epo tí tiyín ń mu ńkọ́? Kó tó dé Abẹ́òkúta, ó ti mu owó ẹ̀gẹ́ tán."

"Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n gbówó epo lérí ni?"

Gbogbo ibẹ̀ pín sí méjì. Ìyá oníláfún tó ń kọjá lọ sọ ẹrù kalẹ̀, ó dá sí i. Ọ̀rẹ́ mi ti ń ká a sílẹ̀ látìgbà tí sípánà ti bọ́. A gbé e sórí WhatsApp, kò sí jákẹ́ẹ̀tì, kò sí orin. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn èèyàn láti Tápà àti Lánlátẹ̀ ti ń fi voice note ránṣẹ́, wọ́n ń bú bàbá, wọ́n ń bú dírẹ́bà, ọ̀kan tiẹ̀ bú ẹni tó ká fídíò. Top Gear nìyẹn. Ó ti wà nílẹ̀ kí BBC tó dé.

Ẹ sì wo orúkọ tá a ń fún ọkọ̀ ní ilẹ̀ yìí. Bọ́lẹ̀kájà. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle. Muscle. Pencil. Evil Spirit. Honda kan wá jáde, wọ́n ní End of Discussion, èyí tó tẹ̀ lé e dé, wọ́n ní Discussion Continues 😭. Ta ló kọ́ wa? Kò sí ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì kankan sọ wọ́n lórúkọ.

Nítorí náà, tí ẹ bá fún mi lówó (ẹ ò ní fún mi), báyìí ni mo ṣe máa ṣe é. Èèyàn mẹ́ta, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin tó mọ̀ ọ́n bú. Kálukú á fi owó fóònù tẹ́ ẹ fi ń ka èyí ra ọkọ̀. Wọ́n á kó ẹ̀gẹ́ láti Ayétẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta nígbà òjò. A ò nílò aago. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú ẹ̀ á ti máa dú. Tí ọkọ̀ ẹ bá kú lójú ọ̀nà, owó ẹ ló ń rà lẹ́yìn ẹ yẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á jẹ àmàlà láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa. Ẹni tó bá kẹ́yìn á bá àwọn ìyá bẹ ẹ̀gẹ́ di alẹ́.

Stig ńkọ́? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Igbó-Ọrà ni a wà, ìlú ìbejì. Táíwò á wọ ọkọ̀ ní Pákọ̀, Kẹ́hìndé á sọ̀ kalẹ̀ ní Èrúwà, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó wà á. A ò tiẹ̀ nílò àṣíborí.

Ibì kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù. Clarkson àti àwọn èèyàn ẹ̀ wá sí Botswana ní 2007, wọ́n dé Uganda ní 2013. Mo gbádùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wọn wò, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni àwọn tó jọ mí wà, wọ́n ń juwọ́, ọkọ̀ ń kọjá lọ. Tí àwọn ará Lagos bá wá gbé kámẹ́rà wá síbí láti fi kòtò ọ̀nà wa rẹ́rìn-ín, àwa náà á kàn máa juwọ́ ni. Bàbá mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, kó di sìtíárìn mú, kó máa bú wọn.

Ẹ sì má sọ fún mi pé "ọjà Yorùbá kéré." Ẹ bi àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá bóyá ó kéré.

Ọ̀rẹ́ mi ti rí 504 kan ní Ìdèrè. Kò ní bíréèkì, ẹni tó ni ín sì lóun ò gba owó kékeré. DM mi ṣí sílẹ̀. Ìyá mi ní tá a bá ṣe é, àwọn náà máa wà níbẹ̀, àwọn ló máa mú ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ dání.