Kí A Má Fi Oògùn Imú Ṣeré

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ọmọ ènìyàn a sì máa fi imú ṣọ́ ilé. Imú ni í kọ́kọ́ sọ fún wa pé ọbẹ̀ ti kan, tàbí pé gáàsì ń jò. Ẹni tí kò gbóòórùn mọ́, olùṣọ́ rẹ̀ ti sùn.

Bí ara inú imú bá wú, òórùn kì í lè dé òkè imú níbi tí a ti ń mọ̀ ọ́n. Oògùn tí a ń fín símú fún èyí kò rí bákan náà. Oxymetazoline a máa la imú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó ju bí ọjọ́ márùn-ún lọ, imú lè dí ju ti àtẹ̀yìnwá. Fluticasone àti mometasone kì í yára. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú wíwú náà rọlẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí agbára wọn tó hàn dáadáa. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọn a sọ èyí tí ń wòsàn nù, wọn a dì mọ́ èyí tí ń tan wọ́n jẹ.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a pè ní oògùn imú ni ó yẹ imú. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún ará ìlú láti dẹ́kun lílo ọ̀kan tí a fi zinc ṣe, nítorí ìròyìn tí ó ju 130 lọ nípa àwọn tí kò gbóòórùn mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n lò ó.

Nítorí náà, a rọ àwọn tí ń ta oògùn kí wọ́n máa sọ iye ọjọ́ tí a ó lò ó kí wọ́n tó gba owó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa ka ohun tí a kọ sára páálí oògùn. Ẹni tí kò bá sì gbóòórùn mọ́, dókítà ni kí ó tọ̀ lọ, kì í ṣe ọjà.