Ibà àti Taifọ́ọ̀dù: Kí Lẹ Fi Mọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ ìbéèrè tí mi ò yé bi àwọn tó ń tọ́jú wa: kí lẹ fi mọ̀? Lọ́sẹ̀ yìí, àwọn pátákó ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló bí mi nínú. Láti Alápẹ̀rẹ̀ dé Kétu, títí wọ Máìlì 12 ní Èkó, wọ́n ń polówó ibà àti taifọ́ọ̀dù pọ̀ bí ẹni ń pe Táíwò pẹ̀lú Kẹ́hìndé. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Kòkòrò tí abo ẹ̀fọn ń gbé kiri ló ń fa ibà. Oúnjẹ tàbí omi tí ìgbẹ́ ti kàn ni taifọ́ọ̀dù ń bá wọlé. Síbẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ gbóná lánàá yóò jáde lónìí pẹ̀lú àrùn méjèèjì lórí bébà kan ṣoṣo, àti àpò oògùn lọ́wọ́. Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ pín ọ̀rọ̀ náà sí: ibà, lẹ́yìn náà taifọ́ọ̀dù.

Ibà ló ṣáájú. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni lóògùn ibà, ọmọdé àti àgbà, níbi tí àyẹ̀wò bá wà. Nínú ìwádìí ìlera tí Nàìjíríà ṣe kárí gbogbo ìpínlẹ̀ ní 2018, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún wò. Ní Kebbi, 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kòkòrò ibà lára. Ní Èkó, 2 péré ni. Ohun tó tọ́ kí dókítà kọ́kọ́ fura sí ní Kebbi kọ́ ló yẹ kó fi ìdánilójú kọ sílẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀fọn ń jẹ wá lálaalẹ́ níhìn-ín, nítorí omi Àgbóyì kò jìnnà sí wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀fọn tí inú gọ́tà ń bí kì í ṣe irú èyí tó ń gbé ibà. Wọ́n ń jẹni, wọn kì í jẹ́ ká sùn, àmọ́ jíjẹ wọn kì í ṣe ẹ̀rí pé ibà ti wọ ẹ̀jẹ̀.

Àyẹ̀wò ibà kò le. Wọn á gún yín níka, wọn á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sójú ike pẹlẹbẹ kan, wọn á kán omi tó bá a wá sí i, ẹ ó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Bí ìlà kan bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ C, àyẹ̀wò ṣiṣẹ́, kò sì rí ibà. Bí ó bá di méjì, ibà wà níbẹ̀. Bí ti ẹ̀gbẹ́ C kò bá yọ rárá, kí wọ́n sọ ọ́ nù, kí wọ́n mú òmíràn. Àwọn èèyàn á ní àyẹ̀wò yìí máa ń parọ́, àti pé ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè fi ẹ̀mí ọmọ ṣòfò. Ẹ̀rù tó tọ́ ni, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Tanzania, àwọn olùwádìí tọ́jú ọmọ 1,000 tí ara wọn gbóná. Àyẹ̀wò sọ pé 603 kò ní ibà, wọn kò sì fún àwọn wọ̀nyí lóògùn ibà. Kò sí ọ̀kan tó kú, tàbí tí ara rẹ̀ burú sí i, nítorí ibà tí wọn kò rí. Ọdún 2010 ni ìwádìí náà jáde. Bí dókítà bá rí àbájáde tó ní kò sí ibà, tó tún kọ oògùn ibà, kí ló fi mọ̀?

Èkó ti rí ohun tí orúkọ ibà lè bò mọ́lẹ̀. Ní oṣù keje 2014, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú lára Patrick Sawyer nígbà tó ti Liberia dé. Dókítà Stella Adadevoh ni kò gbà pé ó parí síbẹ̀. Ó béèrè ibi tí ọkùnrin náà ti ń bọ̀, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Ebola, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jáde nílé ìwòsàn. Òótọ́ sì ni, Ebola ni. Dókítà náà fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i lọ́jọ́ 19 oṣù kẹjọ. Èèyàn ogún ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ẹni tó bá mọ bí èrò ṣe ń fún ara wọn nínú dánfó mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní obìnrin yìí gba ọ̀rọ̀ ibà bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan taifọ́ọ̀dù, níbi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù. Àyẹ̀wò Widal ni wọ́n ń fi dá a mọ̀ káàkiri àdúgbò, èyí tí Georges-Fernand Widal gbé jáde ní Faransé lọ́dún 1896. Àyẹ̀wò yìí kì í wá bakitéríà náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ara ń pèsè láti fi bá a jà ló ń wá, nǹkan yẹn sì máa ń pẹ́ lára. Ẹni tí taifọ́ọ̀dù ti ṣe rí, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹni tí bakitéríà mìíràn tó bá a tan wọ̀ lára, kódà ẹni tó jẹ́ pé ibà ló ń ṣe é, gbogbo wọn ló lè rí ìwọ̀n 1/160, tí wọ́n ń pè ní taifọ́ọ̀dù, lórí bébà tiwọn. Ẹni tí taifọ́ọ̀dù sì ń ṣe ní tòótọ́ lè má rí nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí Widal yóò bá wúlò, ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí wọ́n ṣe é, kí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá wà láàárín, kí wọ́n wò ó bóyá ìwọ̀n rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ta ni wọ́n ti sọ fún rí pé kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣe é, lọ́jọ́ tí ara gbóná, ìdájọ́ sì ti dé.

Mi ò sọ pé taifọ́ọ̀dù kò sí. Ibi tí kànga àti ṣáláńgá bá ti sún mọ́ra, ó lè wà. Ọ̀nà tó dájú ju Widal lọ ni blood culture: kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fún bakitéríà inú rẹ̀ láyè láti hù, kí wọ́n tún dán oògùn tó lè pa á wò. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, ó ń náni lówó, ó sì máa ń fo nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àrùn náà. Nítorí náà, bí ara bá ti gbóná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí inú ń run, tí àyẹ̀wò sì ti ní kì í ṣe ibà, dókítà lè gba ẹ̀jẹ̀ fún culture kó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ìyẹn ní ìdí. Ní Tanzania kan náà, ìwádìí tó jáde ní 2014 wo ọmọ 1,005 tí ara wọn gbóná: ibà kò ju bí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, taifọ́ọ̀dù kò tó 4, fáírọ́ọ̀sì ló wà lára èyí tó pọ̀ jù. Ohun tó fà á nìyẹn tí ẹnìkan fi ń sọ pé, “Mo lo oògùn wọn, ara mi sì yá.” Ó ṣeé ṣe kí ara yín ti yá láìlò ó. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ara gbígbóná, ikọ́ àti ọ̀fìnkìn máa ń lọ fúnra wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó bá sì wà lẹ́nu oògùn lọ́jọ́ náà ni yóò gba ọpẹ́. Àwọn tó ní owó àyẹ̀wò wọ́n, kí wọ́n ro oògùn ibà, cipro ti taifọ́ọ̀dù àti abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún pọ̀, kí wọ́n wá fi wé owó ìka tí wọ́n gún. Oògùn tí a bá sì ń lò níbi tí kò yẹ kì í pẹ́ ṣá: chloroquine ti ṣá mọ́ wa lọ́wọ́ débi pé Nàìjíríà pààrọ̀ rẹ̀ sí àkópọ̀ oògùn tí wọ́n ń pè ní ACT ní 2005, kòkòrò ibà sì ti ń kọ́ bó ṣe ń bá artemisinin inú ACT náà jà ní Rwanda àti Uganda.

HEFAMAA ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí, nítorí àwọn ni ìjọba Èkó fi sípò láti máa ṣọ́ ilé ìwòsàn àti ilé àyẹ̀wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí àwọn ilé àyẹ̀wò yọ Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kúrò lára ohun tí wọ́n ń tà fún wa. Ẹ̀yin òbí, bí gìrì bá ń mú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, bí kò bá lè mu omi tàbí ọyàn, tàbí bí kò bá jí dáadáa, ẹ má yà sí kẹ́míìsì rárá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.