Ẹ Má Jẹ́ Kí Orin Lé Wa Kúrò Níbi Ìtọ́jú Oyún



Ẹni tó bá dé ilé ìlera alábọ́dé ní agbègbè wa lówùúrọ̀ ọjọ́ aláboyún, ìbáà ṣe lọ́nà Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá tàbí Àkànrán, orin ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Kí nọ́ọ̀sì tó yẹ ìfúnpá ẹnikẹ́ni wò, àwọn aláboyún á ti máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa fi ara jó díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń kọrin lórí fífún ọmọ lọ́mú nìkan fún oṣù 6, lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Lẹ́yìn orin ni ẹ̀kọ́ kàn.

Àwọn kan nínú àwọn obìnrin wa kì í fẹ́ bá wọn débẹ̀. Wọ́n á dúró sílé kí orin fi parí. Ti àwọn mìíràn, ọkọ ló ní kí wọ́n má bá wọn kọ ọ́, nítorí pé ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àdúrà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ pàápàá máa ń parí lọ́nà tí kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orin nìkan ni ẹni tó pẹ́ dé ń pàdánù. Àsìkò yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì ń sọ pé bí orí bá ń fọ́ aláboyún kíkankíkan, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, tàbí tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀, kó má ṣe dúró de ọjọ́ ìyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè di gìrì, ó sì lè pa ìyá àti ọmọ. Obìnrin tó dé lẹ́yìn èyí, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fún un lóògùn, á sì padà sí abúlé láìgbọ́. Ní abúlé tí ọkọ̀ kì í kọjá mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ bá wa wo ohun tí àìgbọ́ yẹn lè dà.

Àwọn kan rò pé nọ́ọ̀sì kàn ń fi orin pa àkókò jẹ ni. Àwa ò gbà. Ìyá tí kò kàwé kò lè ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n orin á bá a délé, á máa kọ ọ́ nídìí ààrò. Orin sì ń tu ọkàn lára pẹ̀lú. Ní Gambia, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ jù, àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Kanyeleng, àwọn tí wọ́n ti wá ọmọ tì tàbí tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́. Orin àti ijó ni iṣẹ́ wọn. Àwọn olùwádìí ní kí wọ́n máa bá àwọn aláboyún kọrin fún ọ̀sẹ̀ 6. Nígbà tí wọ́n parí, àìbalẹ̀ ọkàn àti ìbànújẹ́ dín kù lára àwọn tó kọrin ju ti àwọn tí kò kọ ọ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín Mùsùlùmí. Ilé ìwòsàn tí Sultan Bayezid Kejì kọ́ sí Edirne ní ilẹ̀ Túrkì lọ́dún 1488, Evliya Çelebi tó débẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí 160 ọdún kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn olórin àti onílù 10 máa ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti tu àwọn aláìsàn àti àwọn tí orí wọn dàrú nínú.

A mọ̀ pé ẹnu àwọn àáfà kò kò lórí ọ̀rọ̀ ohun èlò orin. Kò sí ohun èlò níbí o, ohùn àti àtẹ́wọ́ lásán ni. Nílé ìyá wa Àìṣá, àwọn ọmọbìnrin méjì ń kọrin lọ́jọ́ ọdún. Abubakar bá wọn wí, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Bukhari ló gbà á wá.

Ta ló sì ní kí a má mú tiwa wá? Wákà wà lẹ́nu àwọn ìyá wa láti ọjọ́ pípẹ́, níbi nìkáà, níbi mọ́lúúdì, níbi ìpàdé ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Kí ẹgbẹ́ aláṣàlátù ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan fi ohùn wákà kọ orin lórí ọmú, lórí àpò ẹ̀fọn, lórí orí fífọ́ inú oyún, kí wọ́n kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sétí nọ́ọ̀sì kó má baà ní àṣìṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì tí a bá sọ̀rọ̀ rí kì í kọ orin tó bá ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Àwa náà sì ń bẹ̀ wọ́n: ẹ jẹ́ kí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ènìyàn lè ṣe àmín sí.

Orin kò wo ibà, kò sì rọ́pò oògùn. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó lò ó. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó yín aago tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ orin ní ilé ìlera yín, kí ẹ sì fún un lówó ọ̀kadà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó lè débẹ̀ kí wọ́n tó dá orin àkọ́kọ́.